Bí Mo Ṣe Fá Pákó Pósí Ọ̀gá Mi Di Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan wà tí mo ti sa gbogbo ipá mi láti gbàgbé, ṣùgbọ́n àwọn ará Òmù-Àrán ò gbà fún mi. Bí mo bá ti ń gbàgbé rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹnìkan á pàdé mi níbi tí mo ti ń ra búrẹ́dì, á béèrè bóyá mo ṣì ń fági, á sì máa wo ojú mi títí n ó fi dáhùn. Nítorí náà mo ti pinnu láti sọ ọ́ fúnra mi, kí àwọn míì tó sọ ọ́ ju bó ṣe rí lọ. Bó ṣe rí gan-an náà ti tó.

Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lójú ọ̀nà tó lọ sí Òkè-Onígbìn. Ọdún méje ni mo fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá mi, bàbá kan tó jẹ́ pé agbára káká la fi lè rí ṣọ́ọ̀ṣì nílùú wa tí kò ní àga tàbí ilẹ̀kùn tí ọwọ́ rẹ̀ kàn. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ìfági ọwọ́ la fi ń fá gbogbo igi. À ń tì í síwájú, à ń fà á sẹ́yìn, títí ẹ̀yìn á fi máa ro wá. Ṣùgbọ́n ìfági kọ́ ló ń bí wa nínú. Ohun tó ń bí wa nínú ni ọ̀pá méjì.

Ọ̀pá méjèèjì yìí gùn tó apá èèyàn, wọ́n gún régé, wọ́n sì dọ́gba. Kí a tó fi abẹ kan pákó èyíkéyìí, Ọ̀gá á gbé ọ̀kan dábùú orí pákó náà, á gbé èkejì dábùú ìdí rẹ̀. Á wá kúnlẹ̀ síbi ìdí pákó, á di ojú kan, á fi ojú kejì wo bí ọ̀pá tó wà nítòsí àti èyí tó wà lọ́ọ̀ọ́kán ṣe rí síra wọn. Bí orí àwọn méjèèjì bá bára mu, pákó náà tẹ́jú nìyẹn. Bí igun ọ̀kan bá ga ju ti èkejì lọ, pákó náà ti lọ́, a ó sì máa fá ibi tó ga títí wọn á fi bára mu. Ó lè kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́wàá lórí pákó kan ṣoṣo. Àwa ọmọṣẹ́ rẹ̀ máa ń pè é ní àdúrà igi, tí kò bá sí nítòsí.

Lọ́jọ́ tí ọmọṣẹ́ bá gba fíríídọ̀mù, Ọ̀gá máa ń fún un ní irinṣẹ́ kan. Ẹni tó ṣáájú mi gba ayùn tuntun. Ẹni tó tẹ̀lé mi gba ìfági tó ti òkè òkun wá. Èmi gba ọ̀pá méjì. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́, mo gbé wọn délé, inú mi ò sì dùn rárá. Nígbà tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi, mo fi ọ̀kan gbé fèrèsé dúró kí ó má baà máa pa dé. Èkejì ni mo fi ń ro ọ̀dà.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, mo ra ẹ̀rọ ìfági láti Ìlọrin. Tòkunbọ̀ ni, aláwọ̀ ewé, ó wúwo débi pé àwa ọkùnrin mẹ́rin la gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ìwé tó bá a wá wà ní èdè kan tí mi ò gbọ́. Mo wo àwòrán inú rẹ̀, mo sì gbà pé ó ti yé mi. Tí èèyàn bá ti ẹnu pákó bọ ẹ̀rọ yìí, rólà irin méjì á gbá a mú, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n á sì máa fà á kọjá lábẹ́ abẹ tó ń yí. Ohun tó bá jáde lódìkejì á máa dán. Mo kọ àkọlé ńlá kan síta: A Ń FI Ẹ̀RỌ FÁGI. IGI YÍN YÓÒ TẸ́JÚ. Mo kọ orúkọ mi àti nọ́ńbà fóònù mi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì mí mọ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ ńlá wá ni Ọ̀gá fúnra rẹ̀. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún nígbà náà. Ọdún mẹ́rìnlá ṣáájú, ó gé ìrókò kan lóko ìdílé wọn lọ́nà Ìjàrà-Ìsin, ó là á sí pákó márùn-ún, ó sì tò wọ́n sórí àjà ilé ìdáná kí èéfín máa gbẹ wọ́n. Gbogbo ilé ló mọ ohun tí wọ́n wà fún. Pákó pósí rẹ̀ ni. Ọ̀kan fún ìdí, ọ̀kan fún ìdérí, méjì fún ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan tí a ó gé sí méjì fún orí àti ẹsẹ̀. Ó ti rí àwọn pósí tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì, tí wọ́n fi ìṣó kàn, tí wọ́n wá fi ọ̀dà dídán bo àbùkù rẹ̀, ó sì ti sọ fún gbogbo èèyàn pé òun ò ní wọ inú irú rẹ̀. Ìrókò tó gbẹ lòun fẹ́, tó nípọn íǹṣì kan, tí igi wọ inú igi láìsí ìṣó kankan.

Nígbà òjò ọdún yẹn, àìsàn dá a wó. Ó dìde, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ ò lè ti ìfági mọ́. Àǹtí Bọ́lá, àkọ́bí rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà, tó sì ń tọ́jú rẹ̀, sọ fún mi pé láti ìgbà tó ti dìde, ohun kan ṣoṣo tó ń béèrè láràárọ̀ ni ìgbà tí pákó òun máa ṣe tán. Kì í béèrè oúnjẹ. Kì í béèrè àwọn ọmọ-ọmọ.

"Ó ti di ẹrù rẹ̀ sílẹ̀," Àǹtí wí. "Pósí yẹn nìkan ló ń dúró dè."

Mo gbọ́ ohun tó wí, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tuntun wà lọ́wọ́ mi, mi ò gbọ́ ọ dójú àmì.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí mò ń wí, píkọ́ọ̀pù kan gbé Ọ̀gá àti pákó rẹ̀ wá. Íǹṣì kan àbọ̀ ni pákó kọ̀ọ̀kan nípọn, ọkùnrin méjì ló sì ń gbé ẹyọ kan sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀gá mi kì í fi èdè inú ìwé sọ̀rọ̀, Ìgbómìnà pọ́ńbélé ni tirẹ̀. Mo tún un kọ báyìí kí àwọn tí kì í ṣe ará ibí lè bá wa lọ.

"Kọ́kọ́ wò wọ́n dáadáa kí o tó kì wọ́n bọ ẹ̀rọ," ó wí.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Ọ̀gá," mo fèsì. "Pẹ̀lú ẹ̀rọ yìí, a ò ní máa kúnlẹ̀ fún igi mọ́."

Ó wò mí. Ó wo ẹ̀rọ. Ó jáde, ó ka àkọlé mi láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì wọ ọkọ̀ padà. Ó ní òun á wá wò wọ́n nígbà tí Bọ́lá bá ti iléèwé dé.

Pákó àkọ́kọ́ wọlé, ó sì jáde. Ó ń dán. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ pa á, mo rẹ́rìn-ín, èmi nìkan. Nígbà náà ni mo gbé e sórí tábìlì. Igun kan ò kan tábìlì. Mo tẹ igun náà, igun kejì dìde. Mo tẹ èyí tó dìde, ti àkọ́kọ́ tún dìde.

Mo mọ ohun tó fà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ̀rọ ni. Abẹ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan ti ní láti ga ju ìyókù lọ. Mo pa jẹnẹrétọ̀, mo mú sípánà, mo tú ìdérí rẹ̀, abẹ náà sì jẹ́ kí n mọ̀ pé òun mú. Mo fi àkísà di ìka mi. Òótọ́ ni, abẹ kan ga díẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Mo tún un ṣe, mo sì ti pákó náà wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó jáde, ó dán ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo gbé e sórí tábìlì. Ó ń mì.

Mo wá wo ilẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo rẹ́ sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi, nítorí náà mo ní ìdí tó dára láti fura sí i. Mo gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì lé orí ẹ̀rọ, mo rí i pé ó tẹ̀ sápá kan lóòótọ́. Mo ká ìwé ètò ìsìn ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta, mo kì wọ́n sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ kan, ó sì dúró ṣánṣán. Kí ó má baà jẹ́ pé pákó kan ṣoṣo ni mò ń fìyà jẹ, mo mú ìkejì. Ó ń mì. Mo mú ìkẹta. Nígbà tó fi máa di agogo méjìlá, gbogbo márààrún ti wọ ẹ̀rọ, gbogbo márààrún ń dán, gbogbo márààrún sì ń mì lórí tábìlì.

Mo jókòó, mo wo fídíò kan lórí fóònù. Ọkùnrin inú rẹ̀ ní kí n yẹ sípíríǹgì tó ń ti rólà mọ́lẹ̀ wò. Kò ní kí n fún un títí sípánà á fi kọ̀. Ìyẹn, èmi ni mo fi kún un. Nígbà tí mo ti pákó wọlé, ẹ̀rọ gbá a mú, ó kérora, ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì ju pákó náà padà sí mi. Mo yẹra. Pákó ò yẹra. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó sì wọ inú páànù tó wà láàrin ṣọ́ọ̀bù mi àti ti Ìyá Rókí tó ń ránṣọ. Mo gbọ́ tí ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́.

"Káfíńtà," Ìyá Rókí pè mí láti ẹ̀yìn páànù. Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè rárá.

"Mà."

"Igi rẹ kan wà níbí."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Mò ń bọ̀ wá gbé e."

"Má kánjú. Kò sí ibi tó ń lọ mọ́."

Nígbà tí mo yí débẹ̀, ó ti fi ìka méjì mú ẹnu pákó náà, ó ń wò ó bó ṣe máa ń wo aṣọ tí wọ́n bá fẹ́ kó rán.

"Ṣé igi tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ nìyí?"

"Òun ni, mà."

"Láàárọ̀, ó nípọn."

"À ń fá a ni, mà."

"Mo rí i," ó wí. "Ṣé ìgbà tó bá tán lo máa dúró?"

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn ta mí jí. Dípò bẹ́ẹ̀, inú bí mi pé télọ̀ fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ igi. Mo padà, mo dẹ sípíríǹgì, mo sì tún bẹ̀rẹ̀. Mo dojú wọn délẹ̀, mo yí orí wọn sídìí. Wọ́n ń mì. Ẹ̀rọ tún wá mú àṣà tuntun, ó ń gbẹ́ kòtò kékeré sí ìpẹ̀kun pákó kọ̀ọ̀kan. Mo fi ayùn gé àwọn ibi tó gbẹ́ náà kúrò, ìbú ọwọ́ kan lórí, ìbú ọwọ́ kan nídìí. Ọ̀gá mi kì í ṣe èèyàn kúkúrú, ṣùgbọ́n mi ò rántí ìyẹn nígbà náà. Ọ̀pá tí mo fi ń ro ọ̀dà ni mo fi ń ti ìdí pákó wọlé, kí ìka mi tó kù má baà kan rólà.

Nígbà tó kọjá agogo mẹ́ta, mo gbé pákó kan láìmọ̀, mo sì ṣàkíyèsí pé mo ti ń fi ọwọ́ kan gbé e. Mo mú tépù, mo wọn bó ṣe nípọn tó. Ààbọ̀ íǹṣì. Mo rò pé tépù ti bàjẹ́. Mo lọ yá ti Ìyá Rókí, èyí tó fi ń wọn àyà àti ìbàdí. Òun náà ní ààbọ̀ íǹṣì.

Ọdún mẹ́rìnlá ni èéfín fi gbẹ pákó wọ̀nyẹn, èmi sì ti fi àárọ̀ kan àti ọ̀sán kan sọ wọ́n di ohun tí atẹ́gùn lè gbé. Ohun kan ṣoṣo tí bàbá yẹn tọrọ lọ́wọ́ ayé ló kó lé mi lọ́wọ́. Mo jókòó sórí èérún ìrókò tó bo ilẹ̀, ojú ń tì mí, ẹ̀rù sì ń bà mí. Mo ronú láti sá lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi ní Òkè-Ọdẹ, ṣùgbọ́n orúkọ mi àti nọ́ńbà mi wà lára àkọlé.

Mo ṣì wà lórí ìjókòó nígbà tí mọ́tò Àǹtí Bọ́lá dúró. Ọ̀gá wọlé, Àǹtí tẹ̀lé e. Bàbá wo ilẹ̀.

"Mo rí èérún," ó wí. "Pákó dà?"

"Àwọn nìyẹn, sà. Lára ògiri."

"Ìyẹn? Mo rò pé sílíìn ẹnìkan ni."

Ó rìn lọ bá wọn. Ó fi ọwọ́ kan gbé ọ̀kan, ọwọ́ tí àìsàn bà jẹ́ yẹn náà ni, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó sì gbé e sórí tábìlì. Ó ń mì.

"Ọ̀pá méjì tí mo fún ọ dà?"

Ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi, ọ̀dà funfun àti búlúù ti gbẹ mọ́ ọn lára. Mo lọ yọ èkejì lẹ́nu fèrèsé, fèrèsé sì pa dé gbàmù. Ọ̀gá gbà wọ́n lọ́wọ́ mi. Ó mú ṣísù mi, ó ha ọ̀dà náà kúrò, ó gbé àwọn ọ̀pá náà dábùú pákó, ó di tábìlì mú, ó sì rọra kúnlẹ̀. Ó tọ́ka sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo di ojú kan. Ọ̀pá kan ń wo ọ̀nà Èsìẹ́, èkejì ń wo ọ̀nà Òkè-Ọdẹ.

"Ẹ̀rọ rẹ ò ṣe nǹkan kan," ó wí. "Rólà ń tẹ igi mọ́lẹ̀, igi ń gbà fún un. Tí rólà bá ti fi í sílẹ̀, igi á padà sí bó ṣe wà. Pákó tó lọ́ lo kì bọ̀ ọ́, pákó tó lọ́ ló fún ọ padà, ó kàn fẹ́lẹ́ sí i ni. Ojú kan lo máa kọ́kọ́ fi ọwọ́ fá, títí ọ̀pá méjèèjì á fi bára mu. Ojú yẹn lo máa dà bo irin, kí ẹ̀rọ wá fá ẹ̀yìn bá a mu."

Báyìí ni ẹ̀rọ mi ṣe wá yé mi, nígbà tí kò sí pákó mọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú èérún.

"Ọ̀gá, ẹ dárí jì mí. Màá lọ sí Ìlọrin lọ́la, màá wá ìrókò míì."

"Ìrókò tútù?"

"Wọ́n máa ń sọ pé ó gbẹ, sà."

"Ẹni tó ń tà á ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò lè wọ inú igi tí mi ò mọ bó ṣe gbẹ."

"Ṣé a ò lè fi èyí náà kàn án, sà? Tí a bá rọra..."

"Mo wúwo ju èyí lọ," ó wí. "Wọn ò ní tíì gbé mi dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tí ìdí rẹ̀ á fi já. Ó sì ti kúrú. Àbí kí n ká ẹsẹ̀ ni?"

"Rárá, sà."

Ó jókòó sórí àpótí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìka rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ìrókò kan ṣì kù lóko. Tí a bá gé e lóṣù tó ń bọ̀, tí a là á, tí a gbé e sórí àjà..." Ó ka ìka ọwọ́ kan, ó ka ti èkejì. Ó wá gbójú sókè wo ọmọ rẹ̀, bí ẹni tí ọkọ̀ fi sílẹ̀ ní gáréèjì. "Bọ́lá. Ọdún mẹ́wàá ni, ó kéré tán."

"Mo gbọ́, Bàbá," Àǹtí wí.

Àǹtí kọ ẹ̀yìn sí èmi àti Bàbá, ó dojú kọ fèrèsé tó ti pa dé, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ni, ìtìjú mi sì di ìlọ́po méjì. Nígbà tí wọ́n ń jáde, Àǹtí dì mí lápá mú. Omi wà lójú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló ń rín.

"O ṣeun," ó wí sí mi létí. "O ṣeun gan-an ni."

Ọjọ́ kejì ló tó pè mí láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní bí Bàbá ṣe délé, ó béèrè oúnjẹ.

Ó ti di ọdún mẹ́rin báyìí. Èmi ni mo gé ìrókò kejì, Bàbá dúró tì mí lóko, ó ń bá mi wí láti àárọ̀ di ọ̀sán. Pákó márùn-ún míì wà lórí àjà, mo sì ń lọ yí wọn padà ní Sátidé, èmi àti ọ̀pá méjì mi, tí mo ti nù mọ́. Mo fi àwọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan kọ́bọ́ọ̀dù àwo fún Àǹtí. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ò tíì pa dé di òní. Mo ti kun ìlà kejì àkọlé mi pa, mo sì kọ ọ́ tuntun: A Ó KỌ́KỌ́ WO IGI YÍN NÁ. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ: tí nǹkan ò bá gún lọ́wọ́ mi, mo máa ń wo ohun tí mo kì bọ ẹ̀rọ kí n tó gbé sípánà sí ẹ̀rọ.

Ní Sátidé tó kọjá, Ọ̀gá ní kí n sọ pákó kan kalẹ̀ kí a wò ó. Ó gbé ọ̀pá méjèèjì dábùú, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìnira, ó di ojú kan. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ó ṣì lọ́ díẹ̀," ó wí. "Bóyá ká tún fi ọdún méjì kún un."

Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo di ojú kan. Ọ̀pá méjèèjì bára mu régé, irun orí ò lè gba àárín wọn kọjá.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," mo wí. "Ó lọ́."

Mo gbé e padà sórí àjà. Nígbà tí mo yíjú, Bàbá ń rẹ́rìn-ín sábẹ́ ètè, èmi náà sì rẹ́rìn-ín, nítorí kí ni mo tún fẹ́ ṣe? Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń pe pákó tó lọ́ ní èyí tó tẹ́jú. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ pe èyí tó tẹ́jú ní èyí tó lọ́.